Kògbọdọ̀jò àti Páálí Funfun

Kí ohunkóhun tó bàjẹ́, àṣìṣe kékeré kan ni ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kọ́kọ́ ṣe: ó ju gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nù kí ó tó gé tuntun.

Ẹni tí kò bá tú ẹ́ńjìnnì alùpùpù rí lè rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò tó nǹkan. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni bébà líle tó wà láàárín irin méjì nínú ẹ́ńjìnnì, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gba àlàfo ibẹ̀ sá jáde. Bí ó bá gbó, a ó tú ìdérí ẹ́ńjìnnì, a ó fi abẹ ha bébà àtijọ́ kúrò, a ó sì fi tuntun sí i. Ṣùgbọ́n bí tuntun kò bá sí lọ́jà mọ́, ti àtijọ́ náà ni a ó tẹ́ sórí páálí tí a ó fi gé òmíràn, gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ṣe ń fi ẹ̀wù tó ti gbó gé èyí tí yóò bá oníbàárà mu. Nítorí náà, bó ti wù kí ó ya tó, a kì í jù ú nù. Ọkùnrin yìí ha á kúrò ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó gbá a jọ mọ́ ìdọ̀tí, ìyàwó rẹ̀ sì dáná sun ún pẹ̀lú àjákù aṣọ. Nígbà tí ó fi dé ọjà tí wọ́n ní kí ó mú àwòṣe wá, eérú ló kù.

Àwọn ará àdúgbò wa ń sọ pé ọtí ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ ni. Kì í mutí. Àwọn mìíràn ní ìgbéraga ni. Èyí náà kò tọ̀nà. Mo bá a pín ògiri kan náà fún ọdún méjìlá, mo kọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì níwèé, púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí sì ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, ẹnu òun tàbí ti ìyàwó rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.

Ilé-iṣẹ́ omi ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló ń gun alùpùpù kiri láti ojúlé dé ojúlé, tí ó ń lóṣòó sí ìdí ògiri láti ka mítà, tí ó ń kọ iye omi tí ilé kọ̀ọ̀kan lò sínú ìwé aláwọ̀ ewé kan. Kò sí ilé tí yóò wọ̀ tí ẹ̀rọ omi bá ń kán tó-tó-tó níbẹ̀ tí kò ní dúró bá onílé wí. "Ẹ wò ó, ẹ̀rọ yìí ò gbọdọ̀ jò o! Omi tí ẹ ò mu lẹ ń sanwó rẹ̀ yìí o!" Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Kògbọdọ̀jò nìyẹn. Ọmọdé ń pè é bẹ́ẹ̀, àgbà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà, bí inú rẹ̀ bá dùn, a máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún àti oṣù mẹ́rin ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní ilé-iṣẹ́ ọ̀hún, ẹni tó bá ti ka mítà fún ogún ọdún, wọ́n á mú un kúrò lójú pópó, wọ́n á fún un ní tábìlì àti àga nínú ọ́fíìsì, á máa yẹ ìwé àwọn tó kù wò. Oṣù mẹ́jọ péré ló kù fún Kògbọdọ̀jò. Orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ti ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí òróró. Bí ó bá lóṣòó tán, ògiri ni ó máa ń dì mú kí ó tó lè dìde. Àga yẹn ló gbójú lé. Ó ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sọ fún mi pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló wà.

Alùpùpù tó ń gùn kì í ṣe àlòkù, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń wí. Tuntun ló rà á, ní ọdún tó ṣáájú ìgbéyàwó rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ọdún ń yí, irin ń gbó, àwọn tó ṣe é sì ti dẹ́kun ṣíṣe irú rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ àgbà ti wà ní kíláàsì kìn-ín-ní. Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè ìdí tí kò fi ra òmíràn, a jẹ́ pé ẹni náà kò tí ì rán ọmọ méjì lọ sí ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan náà rí.

Kò sí ẹni tó bìkítà bí alùpùpù náà ṣe ń jò, títí di ìgbà tí oníbàárà kan kọ lẹ́tà ẹ̀sùn pé àwọn òṣìṣẹ́ omi ń kán ọ́ìlì sórí táìlì funfun ilé òun. Ni ilé-iṣẹ́ bá yan ọ̀gá àyẹ̀wò kan. Gbogbo ẹni tó ń ka mítà ni yóò gbé alùpùpù rẹ̀ wá sí àgbàlá ilé-iṣẹ́. Wọ́n á tẹ́ páálí funfun sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, á sì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko. Bí ẹ̀kán ọ́ìlì kan ṣoṣo bá bọ́ sórí páálí, olúwa rẹ̀ ti fìdí rẹmi. Wọ́n á fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó fi tún un ṣe. Bí ó bá tún jò lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Àgbàlá ilé-iṣẹ́ omi kọjú sí ilé-ìwé wa, ojú ọ̀nà ló là wá láàárín. Àkókò ìsinmi ráńpẹ́ ọmọ ilé-ìwé ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́ bọ́ sí, mo sì dúró ní ẹnubodè wọn, mo ń wò.

Ọ̀gá àyẹ̀wò jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kúkúrú kan tí pẹ́ńsù kì í kúrò létí rẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Bí ọ́ìlì bá ti kán, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fi pẹ́ńsù yí i ká, yóò sì kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ alùpùpù Kògbọdọ̀jò, ó yí ẹ̀kán méje ká.

"Kògbọdọ̀jò!" Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló pariwo bẹ́ẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Òpó nítorí gíga rẹ̀. "Ẹ wá wo nǹkan o! Ẹni tó ń kìlọ̀ fún gbogbo ìlú, ìdí tirẹ̀ ló ń jò!"

"Pa ẹnu ẹ dé, Òpó. Òógùn ló ń là."

"Òógùn dúdú? Kí ló ń ṣe é, ibà?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kògbọdọ̀jò náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àyẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín. Ó ká páálí náà, ó kọ nǹkan sí i lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ló tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, tó sì ṣe àṣìṣe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Obìnrin kan wà lọ́jà tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, ó ti dàgbà díẹ̀, ó sì mọ gbogbo nọ́ọ̀tì tó wà láyé. Kògbọdọ̀jò sọ irú alùpùpù tó ń gùn fún un.

"Èyí tí iná iwájú rẹ̀ rí bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun yẹn?" ni obìnrin náà wí. "Ọkọ mi, àwọn tó bí i gan-an ti gbàgbé pé àwọ́n bímọ bẹ́ẹ̀."

"Ìyá, ẹ ṣáà bá mi wá a wò."

"Àwòṣe ńkọ́? Ẹ mú ti àtijọ́ wá?"

"Mo ti jù ú nù."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé orí. "Ẹ jù ú nù! Ẹ̀yin náà, ẹ sin òkú kí ẹ tó wọn pósí rẹ̀!"

Ṣùgbọ́n ó bá a wá a. Ó gun àpótí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kó oríṣi mẹ́ta tó jọ ọ́ jáde. Èyí tó jọ ọ́ jù ni Kògbọdọ̀jò gbé lọ sílé. Ihò mọ́kànlá ni bóòtì ń gbà kọjá lára ìdérí náà. Mẹ́jọ bára mu, mẹ́ta kò bára mu. Ó gbìyànjú láti fà á kí ó gùn sí i, ó sì ya sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé gásíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìbọ̀sẹ̀.

Ó wá a dé ìsọ̀ márùn-ún mìíràn. Ó dé ọgbà tí wọ́n ń kó àlòkù irin jọ sí, ó rí ẹ́ńjìnnì kan tó jẹ́ irú tirẹ̀ gan-an, ó sáré dé ìdí rẹ̀, ó bá a pé wọ́n ti ha á mọ́ tónítóní, irin nìkan ló kù. A tilẹ̀ jọ kọ lẹ́tà sí àwọn tó ṣe alùpùpù náà. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí ó ti kọ "ẹ jọ̀wọ́" sí i nígbà mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀kan sì ti tó. Èsì dé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìfẹ́ tó ní sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, wọ́n sì fi àwòrán alùpùpù tuntun kan ránṣẹ́ sí i. Nípa gásíkẹ́ẹ̀tì, wọn kò wí nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ méjì àti àbọ̀ ti lọ nígbà náà.

Obìnrin ọlọ́jà yẹn ló júwe mẹkáníìkì àgbà kan fún un. Ọkùnrin náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ní kí Kògbọdọ̀jò gbé alùpùpù náà sún mọ́ òun, ó sì na ìka sí ibi tí ọ́ìlì ti ń jáde láìfọwọ́ kàn án.

"O máa gé e fúnra ẹ," ló wí. "Fi ọ́ìlì díẹ̀ pa etí irin yẹn, tẹ páálí mọ́ ọn, etí náà á hàn lára páálí. Gé ara rẹ̀ kí o tó lu ihò. Bí o bá máa lo òòlù, páálí ni kí o lù o, má lu irin. Irin yẹn rọ̀ ju ìyá-ìyàwó lọ, ó sì ń bínú jù ú lọ."

"Ẹ ṣeun, bàbá."

"Dúró, n ò tí ì parí. Ṣé o rí rọ́bà kékeré tó sọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì yìí? Má fọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ló ti ń mí. Ẹ́ńjìnnì tí ò bá rí ibi tó máa gbà mí, gbogbo ara ló máa fi tú èémí yẹn síta, gbogbo ọ́ìlì á sì bá a jáde."

Ó ní òun ti gbọ́. Òótọ́ ni, ó gbọ́.

Aránṣọ ni ìyàwó Kògbọdọ̀jò. Yàrá iwájú ilé wọn ló ti ń ránṣọ, lórí tábìlì gígùn kan tí wọ́n tún ń jẹun lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ó palẹ̀ aṣọ mọ́, ọkọ rẹ̀ gbé ìdérí irin náà lé tábìlì, àwọn méjèèjì sì jókòó tì í. Ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, mo ń gbọ́ wọn láti ọ̀dọ̀ mi.

"Bàbá wọn, aṣọ ni mo kọ́ o, n ò kọ́ irin."

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn? Àwọn méjèèjì, kí ó ṣáà bára mu ni."

"Aṣọ tí mo bá rán tí kò bára mu, oníbàárà á bú mi, á sì lọ. Tiyín yìí, bí ò bá bára mu, èmi náà kọ́ ni ẹ máa dá lẹ́bi?"

"Ta ló sun àwòṣe?"

"Ta ló gbá a sínú àkísà mi?"

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹ̀rín obìnrin náà, mo sì gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí. Èèpo fáìlì àtijọ́ ni wọ́n fi gé ti àkọ́kọ́. Irin tí ìyàwó fi ń lu ihò sára bẹ́líìtì ló fi lu ihò mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ó bára mu. Ṣùgbọ́n páálí fáìlì kì í ṣe bébà ẹ́ńjìnnì. Ó mu ọ́ìlì fún ọjọ́ méjì, ó wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, ó sì ń jò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí jẹ́ àṣìṣe, ṣùgbọ́n wọ́n jèrè àwòṣe nínú rẹ̀: lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò jù ú nù.

Kògbọdọ̀jò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ akẹ́rù, ó rí bébà gásíkẹ́ẹ̀tì gidi, ó mú un wálé ní kíká bí ẹní. Ìyàwó rẹ̀ tún gé e. Mo wò ó kí wọ́n tó fi sí i. N kò mọ iṣẹ́ irin, ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ tó mọ́, iṣẹ́ náà mọ́. Wọ́n dè é pa. Ọjọ́ kìn-ín-ní, kò jò. Ọjọ́ kejì, kò jò. Ní ọjọ́ kẹrin, Kògbọdọ̀jò kan ògiri mi ní àárọ̀ kùtù, ó ní, "Tíṣà, ẹ wá fọwọ́ ra á wò." Mo fi ìka ra etí ìdérí náà. Ó gbẹ. Ó yẹ ìka mi wò bí ẹni tó ń wo èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ìdí irin tí ẹsẹ̀ fi ń tẹ gíà. Òrùka rọ́bà kékeré kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní síìlì, òun náà ti gbó. Èyí kò le, nítorí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn sì ń lo irú rẹ̀. Ó rí i rà, ó fi sí i. Ibẹ̀ náà gbẹ.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó wá tẹ́ páálí tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó jókòó sórí kọ́rọ́bà tó dojú dé, ó ń wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, páálí funfun báláú. Ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀kán kan bọ́. Kì í ṣe láti ara ìdérí, kì í ṣe láti ìdí gíà. Ẹnu rọ́bà kékeré tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí ló ti wá, ó ṣàn bí omi, ó pọ́n díẹ̀. Ní ìparí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òmíràn tún bọ́. Ẹ̀kán méjì.

Ó gbé e padà tọ mẹkáníìkì àgbà lọ.

"Kò sí ohun tí a lè ṣe sí èyí mọ́," ni bàbá náà wí. "Inú ló gbó. Àwọn òrùka tó wà lára písítìnì tó ń lọ sókè sódò yẹn ti jẹ, ìdí nìyẹn tí èémí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó ń gbé ọ́ìlì dání."

"Ṣé a lè rí òrùka yẹn rà?"

"Ṣé o rí gásíkẹ́ẹ̀tì rà?"

Kògbọdọ̀jò fi àkísà nu ẹnu rọ́bà náà.

"Máa gùn ún bẹ́ẹ̀," ni bàbá náà wí pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀kán méjì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ni ìyẹn? Èmi gan-an ń jò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Láti ibẹ̀, ó gba ọ́fíìsì ọ̀gá àyẹ̀wò lọ. Ohun tí wọ́n jọ sọ, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ fún mi, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì yàtọ̀ síra.

"Ọ̀gá, gbogbo ibi tó ń jò ni mo ti dí. Èyí tó kù yìí kì í ṣe jíjò. Èémí ni."

"Bàbá, páálí ò mọ èémí. Ọ́ìlì ló mọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n so ìgò kékeré mọ́ ẹnu rọ́bà yẹn, kí ó máa gbà á. Kò ní kan ilẹ̀ ẹnikẹ́ni láéláé."

"Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí níbí. A kò gbọdọ̀ so agolo, àkísà tàbí ìgò mọ́ ọn. Ní ọdún tó kọjá, ẹnì kan so odindi kọ́rọ́bà mọ́ tirẹ̀. Bí mo bá gbà fún yín, báwo ni mo ṣe máa sọ fún àwọn tó kù?"

"Oṣù mẹ́fà àti àbọ̀ ló kù kí n wọ ọ́fíìsì."

"Mo mọ̀, bàbá. Ó wà nínú ìwé yín."

Kò bínú sí i. Ó dúpẹ́, ó jáde.

Ohun tó ṣe ní òwúrọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò kejì, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó rẹ̀. Ó gé orí ọ̀pá ìgbálẹ̀ kan, kò ju oríkèé ìka lọ, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ kí ẹnu rẹ̀ mú, ó sì fi dí ẹnu rọ́bà náà gbọingbọin. Lẹ́yìn náà ló gbé alùpùpù lọ, kò gùn ún, ó ń tì í. Ìrònú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbẹ̀yìn, ni pé ènìyàn lè sé èémí fún ìṣẹ́jú kan kí ó má kú. Ẹ́ńjìnnì irin náà yóò lè sé tirẹ̀ fún ọgbọ̀n. Ìrònú yìí kò tọ̀nà, wọ́n sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n n kò rí ọ̀nà mìíràn tí ì bá gbà, mo sì ti wá a títí.

Mo tún wà ní ẹnubodè. Wọ́n tẹ́ páálí, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sí nǹkan kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí nǹkan kan. Òpó ń rìn yí i ká.

"Háà, Kògbọdọ̀jò ti gba ìwòsàn o! Òógùn ti dá!"

"Má jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn ẹ, kí ó má baà bú ẹ."

Ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún, ìgbà tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ yẹ kó bọ́, kò bọ́. Ọ̀gá àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀, ó yọ pẹ́ńsù létí, kò rí ohun tí yóò yí ká, ó sì fi í padà. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní ogún ìṣẹ́jú, Kògbọdọ̀jò gbé ọwọ́ lé ìjókòó alùpùpù náà bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Èmi nìkan kọ́ ni mo rí i pé ìró ẹ́ńjìnnì náà ti ń wúwo, ó ń dún bí ẹni tó ń ru ẹrù gun òkè.

Ní ìṣẹ́jú kẹtàlélógún, nǹkan kan dún pọ́ọ̀. Síìlì tuntun náà fò jáde ní ìdí gíà, ọ́ìlì sì tẹ̀ lé e, kì í ṣe ní ẹ̀kán, ó tú yàà, gbígbóná, ó bo páálí funfun náà láti etí dé etí, ó ṣàn dé bàtà ọ̀gá àyẹ̀wò. Kí wọ́n tó pa ẹ́ńjìnnì, gásíkẹ́ẹ̀tì tí ìyàwó rẹ̀ gé ti bẹ́ sóde ní apá kan, ó yọ ahọ́n jáde láàárín irin méjèèjì.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Òpó gan-an wo ilẹ̀.

Ọ̀gá àyẹ̀wò lóṣòó, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ó sì fa igi náà yọ.

"Bàbá, ta ló fi igi síbí?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ní páálí ò mọ èémí."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi igi náà sápò. Lẹ́yìn náà ó kọ ohun tó yẹ kó kọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ títí di òní pé igi yẹn ló ba tirẹ̀ jẹ́, pé ká ní ó gbé e lọ bó ṣe wà ni, wọn ì bá ṣàánú rẹ̀. Mo tọ ọ̀gá àyẹ̀wò lọ láti béèrè èyí gan-an, nítorí n kò fẹ́ràn kí a máa sọ ohun tí a kò yẹ̀ wò. Mo ní, bí ó bá jẹ́ ẹ̀kán méjì péré ló bọ́ ńkọ́? Ó ní òun ì bá yí méjèèjì ká, òun ì bá sì kọ ohun kan náà. Nítorí náà, igi kọ́. Bó bá dí i, yóò pàdánù. Bí kò bá dí i, yóò pàdánù.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n gba ìwé aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gba báàgì, wọ́n gba fìlà. Ẹni tó gba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́ kan tó ní alùpùpù tuntun. Ó wá bẹ Kògbọdọ̀jò pé kó fi ibi tí mítà àwọn ilé kan wà han òun, nítorí wọ́n wà lẹ́yìn igbó òdòdó tàbí lábẹ́ àtẹ̀gùn. Kògbọdọ̀jò fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń tọ́ka síbẹ̀. Mo sọ fún un pé kò yẹ kó ṣe é. Ó ní àwọn onílé kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, kí ni wọ́n fẹ́ jìyà rẹ̀ fún?

Lẹ́yìn èyí, ó wá iṣẹ́ lọ sí ibi mẹ́rin tí mo mọ̀. Ibi méjì ní ó ti dàgbà jù. Ibi kan ní kó mú ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ omi wá, ìwé tí wọ́n sì fún un ni èyí tí ọ̀rọ̀ igi wà nínú rẹ̀. Ibi kẹrin kò dáhùn. Alùpùpù náà jókòó sẹ́yìn ilé wa láìní ọ́ìlì kan nínú, títí tí ọlọ́gbà irin fi wá gbé e. Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ọmọ rẹ̀ àgbà, tó jẹ́ ẹni kẹta nínú kíláàsì mi, tí mo sì ń retí pé yóò di ẹni kìn-ín-ní, kúrò ní ilé-ìwé ní ìparí sáà náà. Mo lọ bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sẹ́nu bí mo ṣe máa ń tò ó fún àwọn òbí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Tíṣà," ló wí, "gbogbo ohun tí ẹ sọ ló tọ̀nà."

Mo padà sílé.

Wọ́n kó kúrò nínú ilé náà ní oṣù kejì tó tẹ̀ lé e, ní ọ̀sán, wọ́n gbé tábìlì ìránṣọ náà lé orí ọkọ̀ ní ìdojúdé. Aládùúgbò tuntun ti wọ ibẹ̀. Ọdún kan àti oṣù méjì ti kọjá.

Ìròyìn tó dé gbẹ̀yìn, lẹ́nu ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wá gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ilé-ìwé wa, ni pé ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá wọn ní ìlú kan tó tó ìrìn wákàtí mẹ́fà nínú ọkọ̀ síbí, Kògbọdọ̀jò sì ń ṣọ́ ẹnubodè ilé ìkẹ́rùsí kan ní ẹ̀yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀. Nínú yàrá kékeré ẹnubodè náà ló ń sùn. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń lọ wò ó.